Yíyẹ Ọkọ̀ Àlòkù Wò Kí A Tó Rà Á

Nínú gbogbo ọjà tí ènìyàn lè fi owó rà, bóyá ni a lè rí èyí tí ó lè tan ni jẹ tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò rí. Ẹni tí ó ń ra iṣu lè fi èékánná ha á wò. Ẹni tí ó ń ra aṣọ lè nà án sí oòrùn. Ẹni tí ó ń ra ewúrẹ́ lè wo ojú àti irun rẹ̀ kí ó mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àlòkù a máa wẹ̀, a máa kun ọ̀dà, a máa wọ bàtà tuntun, a sì máa dúró ní ọjà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, nígbà tí àrùn tí yóò pa á ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó kékeré ni a fi ń rà á. Ẹlòmíràn a ti dá èsúsú fún ọdún mélòó kan. Ẹlòmíràn a ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ jẹun lè ti ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá kú ní oṣù kẹta, gbèsè kò ní bá a kú. Bí ìjánu rẹ̀ bá sì já ní ojú ọ̀nà, ohun tí yóò bá a lọ lè ju owó lọ.

Ìgbà kan wà tí ọkọ̀ tuntun kò jìnnà sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà sì ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1986, nígbà tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà tí iye náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, owó ọkọ̀ tuntun fò kọjá ibi tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù lè tó. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn yíjú sí ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti lò. Wọ́n sọ ọ́ ní tòkunbọ̀, orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí ní òkè òkun tí a sì gbé padà wá sí ilé. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá ọmọ náà gbé ní ìdálẹ̀ tí yóò wá ròyìn ìwà rẹ̀. Yálà tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, yálà èyí tí a ti lò ní Nàìjíríà níhìn-ín ni, ẹni tí yóò rà á ni yóò wádìí ìwà rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni pé ọjọ́ orí nìkan kò tó láti fi dá ọkọ̀ lẹ́jọ́. Ọkọ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí olówó rẹ̀ ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní àsìkò, tí omi kò gbẹ nínú rẹ̀ rí, lè sàn ju èyí tí ó ti lo ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ju kí ó yí kọ́kọ́rọ́ lọ. Ìtọ́jú ni ó ṣe kókó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí ìtọ́jú tí a kò fi ojú rí? Ọlọ́jà kò ní sọ pé ọjà òun kò dára. Àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà gan-an ni ẹlẹ́rìí. Adájọ́ tí ó gbọ́n kì í sì í dá ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ó rọrùn láti fi owó di ẹlẹ́rìí kan lẹ́nu. Ó ṣòro púpọ̀ láti di ogún ẹlẹ́rìí lẹ́nu kí ọ̀rọ̀ wọn má ta kora. Nítorí náà, iṣẹ́ olùrà ni láti bi ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè, kí ó sì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ wọn ṣe déédéé.

Kí ó tó kúrò ní ilé rárá, ó yẹ kí ó ti pinnu irú ọkọ̀ tí ó fẹ́ àti iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi í ṣe. Kò sí èrè nínú ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí a kò lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Irú ọkọ̀ tí ó pọ̀ ní ìgboro, tí àwọn mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀ dunjú, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì kún ọjà Ládìípọ̀ ní Múṣin, ni ó yẹ ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó mú mẹkáníìkì tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ dání, ẹni tí kò ní ìpín nínú owó ọjà náà. Mẹkáníìkì tí alágbàtà bá mú wá, ti alágbàtà ni yóò ṣe. Òwúrọ̀ ni kí wọ́n lọ, lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Bí òjò bá ń rọ̀, kí wọ́n dá ọjọ́ mìíràn, nítorí omi a máa mú kí ọ̀dà àtijọ́ dán, a sì máa bo àbàwọ́n mọ́lẹ̀. Kí wọ́n sì ti sọ fún ọlọ́jà ṣáájú pé kí ó má ṣe ṣíná sí ọkọ̀ náà títí wọn yóò fi dé. Ìdí èyí yóò hàn ní iwájú.

Ẹlẹ́rìí kìíní ni nọ́ńbà ṣáásì. Láti ọdún 1981 ni a ti ń lo àmì 17 fún nọ́ńbà yìí lára àwọn ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà. Lẹ́tà àti òǹkà ni a pa pọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú fún òǹkà. Lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀: 8 dúró fún 2008, 9 fún 2009, A fún 2010, B fún 2011, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń lọ. Bí alágbàtà bá ní ọkọ̀ òun jẹ́ ti ọdún 2011, tí àmì kẹwàá sì jẹ́ 8, ọ̀rọ̀ ti ta kora. Nọ́ńbà náà a máa hàn lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ọwọ́ awakọ̀, a sì máa wà lára òpó ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kí ó sì bá ìwé ọkọ̀ mu. Bí ó bá hàn pé a ti ha á, tàbí pé a jó irin mìíràn mọ́ ibẹ̀, kí olùrà padà sí ilé rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ ọkọ̀ olè. Nọ́ńbà yìí kan náà ni a fi lè wá ìtàn ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a mọ̀ bóyá ó ti ní jàǹbá rí.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù kò ṣe é fi ojú fò. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ ìlú. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tí ó gba èbúté Kútọnu ní Bẹ̀nẹ̀ tí ó sì gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé ti di ẹrù fàyàwọ́. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ tí a kò san owó ẹnubodè rẹ̀ lè pàdánù rẹ̀ sí ọwọ́ àwọn aṣọ́bodè, bí ó tilẹ̀ ti san owó fún ọlọ́jà pé pérépéré.

Ẹlẹ́rìí kejì ni òǹkà tí ń sọ bí ọkọ̀ ti rìn tó, tí àwọn ènìyàn ń pè ní máìléèjì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni ó jẹ́ pé máìlì ni wọ́n fi ń kà. 100,000 máìlì sì tó nǹkan bí 161,000 kìlómítà, nítorí náà kí olùrà mọ èyí tí ó ń kà. Ẹlẹ́rìí yìí ni ó rọrùn jù láti bẹ̀ ní owó, nítorí àwọn kan mọ bí a ti ń dá òǹkà náà padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò rẹ̀ kì í mọ̀ pé a ti bẹ̀ ẹ́. Bí òǹkà bá ní ọkọ̀ kò tíì rìn ju 60,000 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n tí rọ́bà ibi ìtẹ̀ bíréèkì ti jẹ tán, tí awọ sítíárìn ti dán bọ̀rọ́, tí ìjókòó awakọ̀ ti rì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń já sílẹ̀ bí a bá ṣí i, a mọ ẹni tí ń purọ́ nínú wọn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Lẹ́yìn èyí ni kí a yí ọkọ̀ náà ká. Kí olùrà dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dé iwájú. Ọ̀dà tí kò bára mu, àlàfo ilẹ̀kùn tí ó fẹ̀ ní òkè tí ó sì há ní ìsàlẹ̀, àti orí nọ́ọ̀tì tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó nítorí pé a ti fi sípánà tú u, gbogbo wọn ń sọ pé ọkọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà. Òkúta òòfà tí a fi aṣọ wé kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí a ti fi pọ́tì dí ihò. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ó ti fara gbá ni ó burú, ṣùgbọ́n èyí tí ṣáásì rẹ̀ ti wọ́ kì í rìn gún mọ́. Kí a wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní àwọn ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́, bí ìhà àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n a máa da iyọ̀ sí ojú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà a máa ta sí abẹ́ ọkọ̀, a sì máa jẹ irin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dára ní ojú kí abẹ́ rẹ̀ sì ti di jáńjálá.

Èyí tí ó burú jù ni ọkọ̀ tí omi ti bò rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina mú kí omi bo apá tí ó pọ̀ jù nínú ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì Harvey fi omi bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Houston. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń bò. A lè kọ ọ́ sínú ìwé wọn níbẹ̀ pé wọ́n ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá sọdá òkun, ìwé àkọ́kọ́ lè má bá a dé. Àgbàrá Èkó pàápàá ń bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbà òjò. Omi a máa jẹ wáyà àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní jíjẹ àjẹpẹ́, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ni iná yóò tó máa kú, tí ọkọ̀ yóò sì máa kọ̀ láìnídìí. Kí a gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, kí a gbóòórùn rẹ̀. Kí a wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dógùn-ún. Kí a fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, nítorí ẹni tí ó fọ ọkọ̀ kì í sábà rántí fọ ìdí bẹ́líìtì, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ sì ń sá pamọ́ sí.

Nísinsìnyí ni ó kan ẹ́ńjìnnì. Kí olùrà kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, a jẹ́ pé ọlọ́jà ti ṣíná sí ọkọ̀ kí àlejò tó dé, nítorí ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ́ńjìnnì a máa farapamọ́ nígbà tí ó bá ti gbóná tán. Kí ẹ́ńjìnnì tútù ni a tó lè ṣí ìdérí rédíétọ̀. Omi tí ó gbóná lè ta sí ni lójú, kí ó sì bó ènìyàn lára. Omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Bí ó bá pupa bí ìpáta, a kò tọ́jú rẹ̀. Bí epo bá léfòó lórí rẹ̀, ewu ńlá ni. Kí a fa géèjì ọ́ìlì jáde pẹ̀lú. Ọ́ìlì dúdú kò burú ju pé ó tó àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí tíì tí a bu mílíìkì sí ń sọ pé omi àti ọ́ìlì ti pàdé níbi tí wọn kò gbọdọ̀ ti pàdé. Kí a bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì bóyá tẹmositáàtì ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn kan a máa yọ ọ́ sọnù láti bo gbígbóná ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, dípò kí wọ́n wá ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí a ṣíná. Kí ẹnìkan dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó máa wo èéfín tí sàlẹ́ńsà ń tú jáde. Ìkùukùu funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ tútù tí ó sì tètè lọ kò ṣe nǹkan. Bí funfun náà bá pọ̀ tí kò sì lọ, omi ni ẹ́ńjìnnì ń sun. Bí èéfín bá jọ aró, ọ́ìlì ni ó ń sun. Bí ó bá dúdú, epo bẹntiróòlù ni ó ń jẹ ní àjẹjù. Kí a tẹ́tí sí i bóyá ó ń kan gbọngbọn bí ẹni tí ń lu irin. Kí a wo àwọn iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba ènìyàn là nígbà ìjàǹbá gbọ́dọ̀ tàn, kí ó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tí ó ń tàn láìkú ń kígbe. Èyí tí kò tàn rárá ti lè jẹ́ pé a yọ gílóòbù rẹ̀ kí ó má baà kígbe.

Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ra ọkọ̀ tí a kò jẹ́ kí ó wà lọ sí ojú ọ̀nà. Ààbọ̀ wákàtí kò pọ̀ jù. Kí a wà á gba ibi tí ó tẹ́jú àti ibi tí ó rí gbágungbàgun, kí a sì fi í gun òkè. Jíà tí ń fa ẹsẹ̀ kí ó tó wọlé, tàbí tí ń tàdí bí ó bá wọlé, yóò ná olówó rẹ̀ ní owó gọbọi. Ọ́ìlì rẹ̀ tí ó sì ti dúdú, tí ń rùn bí ohun tí ó jóná, ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ní ibi tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, kí a tẹ bíréèkì: kò gbọdọ̀ fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì gbọdọ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìdí sítíárìn pẹ̀lú gba àkíyèsí. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún ọ̀nà, tí sítíárìn sì wà ní òsì. Ọkọ̀ tí ó ti Bìrìtìkó tàbí Jàpáànù wá a máa ní ti rẹ̀ ní ọ̀tún. Àwọn kan a sì máa gé e kí wọ́n tún un jó sí òsì. Sítíárìn tí a jó kò ṣe é fi ẹ̀mí tẹ́, nítorí ọjọ́ tí yóò jáwọ́, kò ní kọ̀wé ránṣẹ́ ṣáájú.

Ẹlẹ́rìí ìkẹyìn ni táyà. Òǹkà mẹ́rin wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ń sọ ìgbà tí a ṣe é: 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2019. Táyà tí ó ti dàgbà lè bẹ́ lójú ọ̀nà bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Bí ó bá sì jẹ ní apá kan ju apá kejì lọ, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀, bóyá ti ṣáásì pàápàá, ọ̀rọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti sọ mu.

Nígbà tí gbogbo ẹlẹ́rìí bá ti sọ tẹnu wọn tán, ìdájọ́ ni ó kù. Kò sí ọkọ̀ àlòkù tí kò ní àléébù. Bátìrì tí ó ti rẹ̀, ike bíréèkì tí ó ti jẹ, gílóòbù tí ó ti kú, ṣọ́ọ̀kì tí ó ti dẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ ohun tí a lè tún ṣe. Kí a ṣírò owó wọn, kí a sì yọ ọ́ nínú iye tí a óò san. Ṣùgbọ́n ṣáásì tí ó wọ́, omi tí ó pàdé ọ́ìlì, ọkọ̀ tí àgbàrá ti bò, jíà tí ń tàdí àti ìwé tí kò mọ́, kò sí ẹ̀dínwó tí ó lè sọ wọ́n di rere. Ibẹ̀ gan-an ni ọlọ́jà yóò ti wí pé ẹlòmíràn ti mú owó dání tí ó ń bọ̀. Kí olùrà jẹ́ kí ẹlòmíràn náà máa bọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ó má sì ṣe ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ tán lórí ọkọ̀, nítorí ọ́ìlì, táyà àti àwọn àtúnṣe oṣù kìíní ń dúró dè é ní ilé.

Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ rere ní ọ̀nà yìí ti gba iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ni ọkọ̀ yóò máa jẹ́rìí sí. Kí ó máa kọ ọjọ́ tí ó pààrọ̀ ọ́ìlì sílẹ̀, kí ó máa tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó tí ó san fún mẹkáníìkì, kí ó sì máa wo omi ní òròòwúrọ̀. Ní ọjọ́ tí òun náà bá fẹ́ tà á, tí àlejò bá fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, kò ní sí ìdí fún un láti bẹ̀rù ohun tí wọn yóò sọ.